Jim Reeves

James Travis Reeves, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Jim Reeves (a bí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1923, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964), jẹ́ akọrin country ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí ó tó di akọrin, ó ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball, ó sì ti ṣe iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó wà lára àwọn akọrin díẹ̀ tí wọ́n yí ọ̀nà tí à ń gbà kọ orin country padà láàárín ọdún 1957 sí ọdún 1964. Orin tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ń fi ohùn òkè kọ, ohùn jẹ́jẹ́ ni òun fi kọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá ẹni kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa á ní ọmọ ogójì ọdún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mẹ́fà nínú àwọn orin rẹ̀ dé ipò kìíní lórí àtẹ orin country ní Amẹ́ríkà. Àwo orin rẹ̀ tà gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Norway, Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Nàìjíríà.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Abúlé Galloway, ní agbègbè Panola County ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas, ni a ti bí Reeves. Ìlú Carthage ni ó jẹ́ olú-ìlú agbègbè náà. Thomas Middleton Reeves ni orúkọ bàbá rẹ̀, Mary Beulah Adams Reeves sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ wọn. Ní ọdún 1924, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ni ó dá tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà nínú iṣẹ́ oko àti ìnira. Travis ni wọ́n ń pè é nílé nígbà tí ó wà ní kékeré.

Láti ìgbà èwe ni ó ti fẹ́ràn orin Jimmie Rodgers. Rodgers yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí bàbá orin country. Ọdún 1927 ni ó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ sínú àwo, ó sì kú ní ọdún 1933. Reeves kọ́ bí a ṣe ń ta gìtá, ó sì ń kọrin fún àwọn ará àdúgbò. Síbẹ̀, eré ìdárayá ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Carthage, níbi tí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ìmọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ni ó jẹ́ kí Yunifásítì Texas fún un ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti eré orí ìtàgé ni ó lọ kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ó fi kúrò. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì lọ sí ìlú Houston láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Bọ́ọ̀lù baseball àti ìfarapa

Ní ọdún 1944, Reeves tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù St. Louis Cardinals. Ẹgbẹ́ kékeré tí Cardinals ní sí ìlú Lynchburg, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni wọ́n rán an lọ. Nínú eré baseball, ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a sì máa fi igi gbá a. Reeves ni ajùbọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń jù ú. Ìrètí rẹ̀ ni pé láti ẹgbẹ́ kékeré yìí ni òun yóò ti gòkè dé ẹgbẹ́ ńlá.

Ìrètí yìí kò ṣẹ. Níbi tí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù ni iṣan ńlá tí ó ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ti farapa, kò sì lè padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Báyìí ni iṣẹ́ tí ó ti ń múra sílẹ̀ fún láti ìgbà ọmọdé ṣe dópin. Ní ọdún 1947, ó fẹ́ Mary White ní ìyàwó. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n Mary ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú, òun náà ni ó sì bójú tó gbogbo ohun tí ó fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Lẹ́yìn ìfarapa rẹ̀, Reeves rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò KGRI ní ìlú Henderson, ní Texas. Ó ń ka ìròyìn, ó ń polówó ọjà, ó sì ń fi àwo orin àwọn ẹlòmíràn sí orí afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1949, ó gba orin díẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Macy's ní Houston, ṣùgbọ́n àwọn àwo náà kò tà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò KWKH ní ìlú Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ń gbé ètò Louisiana Hayride sáfẹ́fẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ètò náà lókìkí púpọ̀, nítorí pé orí ìtàgé rẹ̀ ni òkìkí Hank Williams ti kọ́kọ́ kàn, orí rẹ̀ náà sì ni Elvis Presley ti kọrin láti ọdún 1954. Iṣẹ́ Reeves ni láti máa pe àwọn akọrin jáde sí orí ìtàgé, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ láàárín orin kan sí òmíràn. Ìtàn tí àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ sọ ni pé, ní alẹ́ ọjọ́ kan, akọrin tí wọ́n ń retí kò wá, wọ́n sì ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kọrin dípò rẹ̀. Ó kọ ọ́, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Fabor Robison, tí ó ni ilé iṣẹ́ agbórinjáde Abbott Records, gbà á sí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1953, orin rẹ̀ tí ń jẹ́ “Mexican Joe” dé ipò kìíní lórí àtẹ orin country. Orin “Bimbo”, tí ó tẹ̀ lé e, náà dé ipò kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954. Orin ẹ̀fẹ̀ ni àwọn méjèèjì: wọ́n yára, ohùn òkè ni ó fi kọ wọ́n, gòjé òyìnbó àti gìtá onírin sì ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irú orin bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó kọ, ó ṣeé ṣe kí a máa dárúkọ rẹ̀ lónìí láàárín àwọn akọrin tí wọ́n lókìkí fún ọdún díẹ̀ péré.

Ní ọdún 1955, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Grand Ole Opry, ètò orí rédíò láti ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, tí ó ti wà láti ọdún 1925. Ní ọdún yìí kan náà ni ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ RCA Victor, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ agbórinjáde tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Ìyípadà ohùn rẹ̀

Láti mọ ohun tí Reeves ṣe, ó yẹ kí a mọ bí orin country ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn ará ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n dá orin yìí sílẹ̀. Wọ́n pa orin ìtàn tí àwọn baba ńlá wọn kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland pọ̀ mọ́ orin ìbànújẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí à ń pè ní blues. Banjo, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò orin náà, wá láti inú irú ohun èlò olókùn tí àwọn ẹrú kó ìmọ̀ rẹ̀ wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1940, ilé ọtí àti ilé ijó ni wọ́n ti sábà máa ń kọ orin country. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà akọrin gbọ́dọ̀ pariwo kí ohùn rẹ̀ tó lè borí ti àwọn oníjó àti ti ohun èlò orin. Àṣà yìí ni wọ́n gbé wọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ariwo kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ rédíò ti kọ́ Reeves ní ohun mìíràn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa gbọ́ ohùn tí ó kéré jù lọ, títí kan èémí ẹni. Ó tún mọ̀ pé ẹni tí ń gbọ́ rédíò nílé kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò, bí kò ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì tí wọ́n jókòó sí yàrá. Ní ọdún 1957, Reeves pinnu láti máa kọrin bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó bẹ́ẹ̀ tí ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì ń kọrin náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.

Àwọn kan nínú RCA kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ohùn òkè ni wọ́n mọ̀ mọ́ orin country, òun náà ni ó sì ti tà fún Reeves tẹ́lẹ̀. Chet Atkins, ògbóǹtarìgì onígìtá tí ó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ fún RCA ní Nashville, ni ó gbè é lẹ́yìn. Orin “Four Walls” ni wọ́n fi dán ọ̀nà tuntun yìí wò. Kò sí gòjé nínú rẹ̀. Gìtá tí ó rọra ń dún àti àwọn elégbè ni wọ́n fi gbe ohùn rẹ̀. Orin náà dé ipò kìíní lórí àtẹ orin country, ó sì dé ipò kọkànlá lórí àtẹ orin gbogbogbòò. Èyí fi hàn pé àwọn ará ìlú ńlá tí wọn kì í gbọ́ orin country tẹ́lẹ̀ náà ń rà á.

Láti ìgbà náà, Reeves kò padà sí ohùn òkè mọ́. Ó bọ́ aṣọ àwọn darandaran Texas tí àwọn akọrin country máa ń wọ̀, ó sì ń wọ kóòtù àti táì. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ń lu ohun èlò orin fún un di Blue Boys, láti ara orin rẹ̀ “Blue Boy” tí ó jáde ní ọdún 1958. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Gentleman Jim, nítorí ìwọṣọ àti ìṣesí rẹ̀.

Orin “He'll Have to Go”

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Reeves gba orin tí ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ káàkiri ayé sílẹ̀ ní Nashville. Joe Allison àti ìyàwó rẹ̀, Audrey, ni wọ́n kọ orin náà sílẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn: ọkùnrin kan wà ní ilé ọtí, ó ń bá obìnrin tí ó fẹ́ràn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ó mọ̀ pé ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ obìnrin náà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí tẹlifóònù ni akọrin náà gbọ́dọ̀ jọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtàn náà kò ní ṣeé gbà gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ tí Reeves ti ń lò fún ọdún méjì bá a mu. Ilé iṣẹ́ RCA kò tilẹ̀ kà á sí orin pàtàkì; ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi sí, orin mìíràn ni wọ́n sì fi sí ojú àwo. Àwọn òṣìṣẹ́ rédíò ni wọ́n yí àwo náà padà tí wọ́n sì ń lo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1960, “He'll Have to Go” lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ní ipò kìíní lórí àtẹ orin country, ó sì dé ipò kejì lórí àtẹ orin gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà.

Ìró Nashville àti àwọn alátakò rẹ̀

Ọ̀nà tí Reeves àti Atkins gbà ṣiṣẹ́ yìí di ara ohun tí wọ́n ń pè ní Nashville Sound, ìyẹn ìró Nashville. Owen Bradley náà ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú akọrin obìnrin Patsy Cline ní ilé iṣẹ́ Decca. Wọ́n yọ gòjé àti gìtá onírin kúrò tàbí kí wọ́n dín wọn kù, wọ́n sì fi dùùrù, àwọn elégbè àti ọ̀wọ́ fáólìnì tí ń dún pọ̀ rọ́pò wọn.

Ìdí pàtàkì wà fún un. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni orin rock and roll ti gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan sì ń pa orin country tì. Bí àwọn agbórinjáde Nashville kò bá rí àwọn olùgbọ́ tuntun láàárín àwọn àgbàlagbà ìlú ńlá, òwò wọn lè bàjẹ́. Ìró tuntun yìí bá wọn wá àwọn olùgbọ́ náà.

Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn dùn sí i. Èrò àwọn alátakò ni pé bí a bá yọ gòjé, gìtá onírin àti ohùn ìgbèríko kúrò nínú orin country, ohun tí ó kù kò yàtọ̀ sí orin ilé ìtura. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn akọrin bíi Waylon Jennings àti Willie Nelson kọ ìṣàkóso Nashville sílẹ̀, wọ́n sì dá ìró líle padà sínú orin náà. Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàárín àwọn olólùfẹ́ orin country. Ní ti Reeves, àwọn alátakò pàápàá gbà pé ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ kan dá fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá a rí.

Ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè

Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ akọrin country kì í kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà, Reeves a máa rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè. Ní ọdún 1957, ó lọ kọrin fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n wà ní Yúróòpù. Ní ọdún 1962, òun, Chet Atkins àti Floyd Cramer tí ń tẹ dùùrù lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí èrò ti rọ́ wá pàdé wọn. Ó padà síbẹ̀ láti ṣe fíìmù “Kimberley Jim”, fíìmù kan ṣoṣo tí ó ti jẹ́ òṣèré pàtàkì. Ó tún gba àwọn orin kan sílẹ̀ ní èdè Afrikaans. Kò gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà apartheid ni ó wà lórí oyè ní ilẹ̀ náà ní gbogbo àkókò yìí.

Ní ọdún 1963, òun àti Blue Boys lọ sí Ireland, wọ́n sì ń kọrin láti ìlú kan dé òmíràn. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dùùrù tí ó bá nínú àwọn gbọ̀ngàn ijó kò dún dáadáa, èyí sì bí i nínú. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sọ pé ohùn jẹ́jẹ́ tí ó fi ń kọrin kò túmọ̀ sí pé ó ń fojú fo àṣìṣe. Ó le lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ohun gbogbo wà létòlétò. Ní ọdún 1964, ó tún lọ sí Yúróòpù pẹ̀lú àwọn akọrin RCA mìíràn. Orin rẹ̀ “I Love You Because” àti “I Won't Forget You” wọ ipò márùn-ún àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà.

Ikú rẹ̀

Reeves ti kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964, òun àti Dean Manuel, tí ń tẹ dùùrù fún Blue Boys, gbéra láti ìlú Batesville ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ọ̀ràn ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ rà ni wọ́n bá lọ, wọ́n sì ń padà sí Nashville. Ọkọ̀ òfurufú kékeré oní-ẹ́ńjìnnì kan, irú èyí tí à ń pè ní Beechcraft Debonair, ni wọ́n yá fún ìrìn àjò náà. Reeves ni ó wà á.

Bí wọ́n ti sún mọ́ Nashville ni wọ́n bọ́ sínú òjò àti ìjì. Ọkọ̀ náà já sínú igbó nítòsí Brentwood, ní gúúsù ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n jáde láti wá wọn, àwọn akọrin Marty Robbins àti Eddy Arnold sì wà lára wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú àwọn méjèèjì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Reeves ìbá fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ikú rẹ̀ bá àwọn olólùfẹ́ orin country lójijì, nítorí pé ní oṣù Kẹta ọdún 1963, kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, ni Patsy Cline náà kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Wọ́n gbé òkú Reeves padà sí agbègbè tí a ti bí i. Ẹ̀bá òpópónà nítòsí Carthage ni wọ́n sin ín sí, ère rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ajá rẹ̀, Cheyenne, náà ni wọ́n sin síbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Orin rẹ̀ lẹ́yìn ikú

Orin “I Guess I'm Crazy” ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lórí àtẹ nígbà tí Reeves kú; ó sì dé ipò kìíní. Mary, opó rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ tí a kò tíì gbé jáde, ó sì ṣètò pẹ̀lú RCA pé kí wọ́n máa jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. “This Is It” àti “Is It Really Over?” dé ipò kìíní ní ọdún 1965.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni “Distant Drums”, tí Cindy Walker kọ sílẹ̀. Reeves ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lásán. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀wọ́ fáólìnì àti ohun èlò mìíràn kún ohùn náà. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbọ́ ìlù ogun, tí ó sì fẹ́ gbéyàwó kí wọ́n tó pè é, ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1966 tí ó jáde, Amẹ́ríkà ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ogun Vietnam. Orin náà dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ipò kìíní lórí àtẹ orin gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Reeves kò ti dé ipò yẹn rí nígbà tí ó wà láàyè. “Blue Side of Lonesome” ní ọdún 1966 àti “I Won't Come In While He's There” ní ọdún 1967 náà dé ipò kìíní lórí àtẹ orin country.

Ọdún 1967 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn àgbà akọrin tí à ń bu ọlá fún ní Country Music Hall of Fame. Ní ọdún 1981, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ fi ẹ̀rọ pa ohùn rẹ̀ àti ti Patsy Cline pọ̀ nínú orin “Have You Ever Been Lonely”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò jọ gba orin kankan sílẹ̀ rí. Mary Reeves ń bójú tó iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kan ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ṣí ní Nashville ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1999.

Reeves ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, Jim Reeves wà lára àwọn akọrin Amẹ́ríkà tí àwọn àgbàlagbà mọ orúkọ wọn jù lọ. Láti ìgbà gírámáfóònù ni àwo orin rẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Títí di òní, a máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi ìsìnkú, àti ní oṣù Kejìlá nígbà tí wọ́n bá ń lo “Twelve Songs of Christmas”, àwo orin Kérésìmesì tí ó gbé jáde ní ọdún 1963.

A lè tọ́ka sí ìdí méjì fún èyí. Èkíní ni pé ó fi orin ìsìn sí inú àwo, bíi “God Be with You” ní ọdún 1958 àti “We Thank Thee” ní ọdún 1962. Ìdílé onígbàgbọ́ tí kì í fẹ́ gbọ́ orin ilé ọtí nínú ilé kò rí ohun tí ó burú nínú wọn. Èkejì ni bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ́ra, ìró kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀ sí èkejì, kò sì sí ariwo tí ó bò ó. Ẹni tí ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ lè gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń sọ, kí ó sì kọ́ orin náà lórí. Ohun tí ó kọ́ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn rédíò láti fi bá àwọn ará Henderson sọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ kí orin rẹ̀ yé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn.

Orin country kan orin jùjú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé ibẹ̀. Gìtá onírin tí Reeves àti àwọn ará Nashville dín kù nínú orin wọn ni King Sunny Adé mú wọ inú jùjú. Demọ́lá Adépọ̀jù ni ó ta á fún ẹgbẹ́ African Beats, a sì lè gbọ́ ọ nínú àwo “Juju Music” tí ó jáde ní ọdún 1982.

Àṣàyàn àwọn orin rẹ̀

“Mexican Joe” (1953): orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ipò kìíní.
“Four Walls” (1957): ibi tí ó ti kọ́kọ́ fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin dé ipò kìíní.
“Billy Bayou” (1958): orin ẹ̀fẹ̀ tí Roger Miller kọ sílẹ̀ fún un.
“He'll Have to Go” (1959): orin rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ.
“I Guess I'm Crazy” (1964): orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ipò kìíní lẹ́yìn ikú rẹ̀.
“Distant Drums” (1966): orin rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.